Wọ́n ti àbúrò mi mọ́lé ní Texas, báwo la ṣe máa fi owó ránṣẹ́ sí i?

AdukeMokola

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ kú àsìkò yìí o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lápá Houston, ọlọ́pàá dá a dúró nínú mọ́tò lálẹ́ Friday, wọ́n ní láísẹ́ǹsì ẹ̀ ti kú, ìgbà tí wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà wọn wọ́n tún bá wàráǹtì kan níbẹ̀ látijọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tí kò san tí kò sì yọjú sí kóòtù lé e lórí, bí wọ́n ṣe kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Ó pe ìyàwó ẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀ délẹ̀ tí fóònù fi já, látìgbà náà a ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. Àwa tá a wà n'Íbàdàn ti dá owó díẹ̀ jọ kó lè rí nǹkan fi sẹ́nu kó sì lè máa pe ilé. Ṣé Western Union ni wọ́n ń lò ni àbí kí n lọ báńkì?

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Láàárọ̀ yìí ọkùnrin kan pe màmá wa lórí WhatsApp, ó ní ọ̀gá ọlọ́pàá lòun níbi tí wọ́n tì í mọ́, pé tá a bá ra gift card Apple ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là tá a ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ fóun, ó máa jáde lónìí. Màmá ti ń wá ẹni tó máa yá wọn lówó kiri àdúgbò. Ẹ gbà wá o.

BodaSege_Houston

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ dìde nísinsìnyí ẹ lọ bá màmá, kí wọ́n má yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olè ni ọkùnrin yẹn. Kò sí Sheriff, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń bójú tó jail, kò sí adájọ́, kò sí jail kankan ní Amẹ́ríkà yìí tó ń gba gift card, ọlọ́pàá kankan ò sì ní ní kẹ́ ẹ san Bitcoin tàbí Zelle (ìyẹn fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù) sí òun lọ́wọ́. Ẹ lè máa rò ó pé báwo ló ṣe wá mọ orúkọ àbúrò yín. Orúkọ ẹni tí wọ́n bá mú níbí kì í ṣe àṣírí, ọ̀pọ̀ káúńtì, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, ló ń gbé e sórí wẹ́bsáìtì wọn, orúkọ, fọ́tò, ẹ̀sùn, iye bélì, gbogbo ẹ̀ gbangba. Gbájúẹ̀ á kàn jókòó ti Facebook á máa wá mọ̀lẹ́bí, ó parí. Àwọn míì tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí nọ́ńbà ọ́fíìsì Sheriff gan-an hàn lójú fóònù ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ gé fóònù, ẹ blọ́ọ̀kì ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi owó ránṣẹ́ síbì kankan títí ẹ ó fi mọ ibi tó wà gan-an. "Apá Houston" tẹ́ ẹ sọ yẹn, Harris wà níbẹ̀, Fort Bend wà níbẹ̀, Montgomery, Brazoria, Galveston, Texas lódindi ní káúńtì 254, oníkálukú ló sì ní Sheriff tiẹ̀ àti jail tiẹ̀. Wàráǹtì tẹ́ ẹ sọ yẹn sì lè jẹ́ ti káúńtì míì, kí wọ́n mú un ní Harris lónìí kí wọ́n wá gbé e fún Fort Bend lọ́la. Ẹ lọ sí wẹ́bsáìtì Sheriff káúńtì tí wọ́n ti mú un, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó wà látìmọ́lé, orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n máa béèrè. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, nọ́ńbà kan máa wà níwájú orúkọ ẹ̀, booking number ni wọ́n sábà ń pè é, ní Harris tiwa níbí SPN ni wọ́n ń pe tiwọn. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa lò fún gbogbo nǹkan tó kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa.

IyaIbeji_PG

Mo fẹ́ fi ti orúkọ kún ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Ṣẹ́gẹ́, torí orúkọ àwa Yorùbá máa ń dà wọ́n láàmú. Orúkọ tó wà lórí káàdì ẹ̀ ni wọ́n máa kọ, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń pè é nílé. Tó bá jẹ́ Oluwaseun ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń tẹ Seun, kò ní jáde láéláé. Wọ́n lè fi orúkọ bàbá síwájú, wọ́n lè yọ dáàṣì àárín orúkọ méjì kí wọ́n so wọ́n pọ̀, orúkọ lè gùn jù kí kọ̀ǹpútà gé ìdí ẹ̀ sọnù. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn níbí ní Upper Marlboro ní Maryland ni pé kí wọ́n tẹ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan, kí wọ́n wá fi ọjọ́ ìbí mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn. Ẹ má fi àmì sórí lẹ́tà kankan o, kọ̀ǹpútà wọn ò mọ ṣ yàtọ̀ sí s.

Tó bá ṣì ń fara pamọ́, ẹ lọ sí VINELink, wẹ́bsáìtì tó ń sọ ibi tí ẹni tó wà látìmọ́lé wà. Wọ́n dá VINE sílẹ̀ ní Kentucky ní 1994, lẹ́yìn tí wọ́n tú ọkùnrin kan sílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún obìnrin tó fẹjọ́ ẹ̀ sùn, tó wá lọ pa á. Àwọn tí wọ́n hùwà ibi sí ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí náà ń lò ó, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó yín létí tí wọ́n bá gbé e kúrò tàbí tí wọ́n bá tú u sílẹ̀. Ó wúlò gan-an torí ẹ ò fẹ́ fi owó ránṣẹ́ síbi tó ti kúrò lánàá.

Alagbado_1

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ni ẹ̀ ń bà wọ́n jẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé láísẹ́ǹsì òun ti kú tó tún ń wa mọ́tò kiri, ẹ fi sílẹ̀ kó fọgbọ́n. Ìjọba ń bọ́ wọn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra indomie fún un yẹn, ẹ fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ̀.

TiMotiDebeRi

Alágbàdo, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí kò débẹ̀ ni í sọ̀rọ̀ báyẹn. Èmi ti débẹ̀ rí, mi ò ní sọ káúńtì tí mo wà, mi ò sì ní sọ nǹkan tó gbé mi débẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tí owó ń ṣe níbẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ wọn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ti máa ń dé, búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì, ẹran tútù tín-ín-rín kan láàárín, ọsàn kan. Títí aago mẹ́rin ìdájí tí wọ́n tún máa gbé oúnjẹ àárọ̀ dé, inú ẹ á máa kùn. Òtútù ibẹ̀ tún wá lọ́tọ̀, AC ò kú tọ̀sántòru, aṣọ kan ṣoṣo ló wà lára ẹ, búláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò nípọn. Ẹni tó bá ní owó ní kọ́mísárì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ra nǹkan nínú jail, á ra síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú tó nípọn, á ra sílípáàsì tó máa wọ̀ wẹ̀, torí ẹ ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ yẹn, á ra ọṣẹ gidi, á ra indomie. Indomie yẹn ni owó ibẹ̀ o! Owó náírà, owó dọ́là ò wọlé, indomie ni wọ́n fi ń gé irun, òun ni wọ́n fi ń san gbèsè.

Alẹ́ Saturday àwa mẹ́ta-mẹ́rin máa ń dá a jọ. A máa rún indomie sínú ọ̀rá chips tó tóbi, a da chips tó ta sí i, a gé sọ́séèjì sí i, a wá bu omi gbígbóná ẹ̀rọ sí i, a ká ẹnu ọ̀rá, a fi tówẹ́ẹ̀lì dì í kó lè jinná nínú ooru ara ẹ̀. "Spread" ni wọ́n ń pè é. Mo ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ní ọ̀pọ̀ ìnáwó, mi ò tíì gbàgbé ìyẹn.

Kọ́mísárì kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù téèyàn ń rìn wọ̀ o. Wọ́n máa fún yín ní fọ́ọ̀mù tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìwé, nǹkan á wá dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Tí owó yín bá wọlé ní wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ìwé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Torí náà ẹ pe jail, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìwé kọ́mísárì, kẹ́ ẹ tó jókòó máa bára yín jà lórí ẹni tó máa san.

OmoIjeshaChi

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó gan-an torí ìyẹn ni Àǹtí béèrè, a ti ń jẹ spread.

Àpò tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àpò kọ́mísárì wà, òun ni wọ́n máa ń pè ní trust account, àwọn míì á ní "put money on his books", ibẹ̀ lẹ ti ń ra oúnjẹ àti ọṣẹ. Àpò fóònù wà lọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo táàbúlẹ́ẹ̀tì, àpò ìyẹn náà tún lè wà lọ́tọ̀. Ẹ lè fi ọgọ́rùn-ún dọ́là sí kọ́mísárì kó má sì lè pè yín fún ìṣẹ́jú kan, ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa.

Kọ́ńpìnnì tó ń gba owó náà kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ máa gbọ́ JPay, Access Corrections, TouchPay, ConnectNetwork, Securus, ViaPath tó ń jẹ́ GTL tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní 2022. Káúńtì kọ̀ọ̀kan ló ń yan tiẹ̀, káúńtì kan tiẹ̀ lè lo ti ẹni kan fún fóònù kó lo ti ẹlòmíì fún kọ́mísárì. Fífi owó sí èyí tí kì í ṣe tiwọn, bí ìgbà téèyàn ra káàdì MTN fún ẹni tó ń lo Glo ni. Orí wẹ́bsáìtì Sheriff ni kẹ́ ẹ ti tẹ línkì ẹ̀, ẹ má lọ kàn tẹ orúkọ sínú Google kẹ́ ẹ wá tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde, ìpolówó ló máa ń wà lókè, àwọn ayédèrú sì wà nínú wọn.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé: káàdì lórí wẹ́bsáìtì tàbí fóònù, èyí ló yá jù, òun náà ló sì ń jẹ fíì jù. Máṣíìnì wà ní ẹnu ọ̀nà jail fúnra ẹ̀ tó ń gba owó bébà àti káàdì, tí ìyàwó ẹ̀ bá lè débẹ̀. Mọ́nì ọ́dà wà, ẹ lè rà á ní pósíọ́fíìsì, ẹyọ kan ò lè ju 1,000 dọ́là lọ, ẹ máa kọ orúkọ ẹ̀ àti booking number sára ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n bá fún yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Mọ́nì ọ́dà máa ń pẹ́ kó tó wọlé ṣùgbọ́n fíì kọ́ńpìnnì kì í sábà sí lórí ẹ̀. Ẹ má fi owó bébà sínú àpò ìwé láéláé.

Fíì yẹn, ẹ ṣọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fi 20 dọ́là ránṣẹ́, wọ́n lè yọ ju dọ́là mẹ́ta lọ. Torí náà kí gbogbo mọ̀lẹ́bí kó owó jọ fún ẹnì kan, kó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sàn ju kí èèyàn márùn-ún máa fi 20, 20 ránṣẹ́ lọ.

AdukeMokola

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Màmá ti gbọ́, wọn ò yá owó mọ́, ọkùnrin yẹn tún pè, ẹ̀gbọ́n wa ló gbé e, ó ṣépè fún un títí ó fi gé fóònù fúnra ẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi sì ti rí i! Fort Bend ló wà, orúkọ bàbá wa ni wọ́n fi síwájú tí wọ́n sì gé orúkọ tiẹ̀ kù díẹ̀, òótọ́ lọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Mo gbìyànjú láti fi káàdì náírà mi san láti ibí, kò gbà, ó ń béèrè zip code àti àdírẹ́sì Amẹ́ríkà. Kí la ṣe? Àti pé èló ló tó? Kí sì ló dé tí fóònù àkọ́kọ́ yẹn fi já?

BodaSege_Houston

Ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú káàdì Naija. Ẹ fi owó yín ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi owó ránṣẹ́ sí èèyàn, kí òun tó wà níbí fi káàdì tiẹ̀ san. Orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ máa wà lákọsílẹ̀ o, nítorí náà kó jẹ́ ẹni tí kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú òfin, mọ̀lẹ́bí tí ìwé ẹ̀ dúró dáadáa.

Fóònù tó já yẹn, kì í ṣe pé wọ́n lù ú lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ jail, ìpè àkọ́kọ́ sí nọ́ńbà kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹni tó ń gbé fóònù gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì kó sì fi owó sí i, torí fóònù alágbèéká ò lè gba ìpè tí ẹni tó gbé e máa san bíi tayé àtijọ́. Kí ìyàwó ẹ̀ lọ ṣí i. Ẹ má wá ní kó so fóònù màmá mọ́ ọn láti Ìbàdàn kẹ́ ẹ̀yin mẹ́ta lè jọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ wọn ń mọ̀, ó máa gé e, wọ́n sì lè gba ẹ̀tọ́ fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ìyàwó jíṣẹ́, ó tó.

IyaIbeji_PG

Fóònù yẹn ń jẹ owó o, ẹ mú sùúrù. Ìdí tó fi wọ́n ni pé nínú owó tí kọ́ńpìnnì bá pa, ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ káúńtì ti ń gba tiwọn, ta ló wá fẹ́ kó wálẹ̀. Màmá àgbà afọ́jú kan ní Washington, Martha Wright-Reed, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù ní 2000 torí iye tó ń san láti bá ọmọ ọmọ ẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀, ó ti kú kí òfin tó jẹ́ orúkọ ẹ̀ tó jáde, January 2023 ni Biden fọwọ́ sí i. Connecticut ti sọ ti àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn di ọ̀fẹ́ láti July 2022, Massachusetts náà láti December 2023, pẹ̀lú jail káúńtì. Texas ò tíì débẹ̀.

TiMotiDebeRi

Èló ló tó? Èmi ò ní gbà kẹ́ ẹ kó ju 40 tàbí 50 dọ́là lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí owó bá pọ̀ lórí ẹ̀, àwọn míì máa mọ̀, wọ́n máa rí ẹrù tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ kọ́mísárì. Kó má yá ẹnikẹ́ni, kó má ta tẹ́tẹ́, kó má gba indomie tẹ́nikẹ́ni bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, méjì ni wọ́n máa gbà padà fún ọ̀kan. Ẹ fetí sílẹ̀ sí èyí dáadáa, tó bá pè tó ní kẹ́ ẹ fi owó sórí nọ́ńbà ẹlòmíì, tàbí kẹ́ ẹ CashApp sí ìyá ẹnì kan níta, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti dì í mú. Ẹ má san án, èyí àkọ́kọ́ lẹ máa san kì í ṣe èyí ìkẹyìn. Kí ìyàwó ẹ̀ pe jail.

Nǹkan míì, wọ́n lè ti yọ nínú owó kó tó dé ọwọ́ ẹ̀. Àwọn káúńtì kan ń yọ owó dókítà, òmíràn ń yọ gbèsè tó jẹ wọ́n nígbà tó ti wá rí. Kẹ́ ẹ má rò pé ó ń purọ́ tó bá ní 50 tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, 30 ni òun rí. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ rárá, wọ́n máa fún un ní ọṣẹ kékeré, búrọ́ọ̀ṣì, bébà àti sítáǹpù díẹ̀, nítorí náà kò ní kú tí owó bá pẹ́ ọjọ́ méjì.

AkoweKootu_ATL

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ ní Atlanta níbí, èmi gan-an kì í ṣe lọ́yà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe òfin. Ẹ ti sọ̀rọ̀ kọ́mísárì tán, ó kù ibi tí owó ńlá wà. Owó kọ́mísárì kì í ṣe owó bélì, ẹ lè kó ẹgbẹ̀rún kan sórí ẹ̀ kò ní ṣí ilẹ̀kùn. Bélì lọ́tọ̀ ni, kóòtù ló ń dá iye ẹ̀. Ní Texas, ẹ lè san gbogbo ẹ̀ fún káúńtì, tó bá yọjú sí kóòtù títí ẹjọ́ fi parí ẹ máa rí púpọ̀ nínú ẹ̀ gbà padà, tàbí kẹ́ ẹ lọ bá àwọn oníbọ́ǹdù tó ń dúró fún èèyàn ní kóòtù, ìdá mẹ́wàá ni wọ́n sábà ń gbà, ìyẹn ò sì ní padà wá mọ́. Illinois níbi tí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń gbé ò tiẹ̀ gba owó bélì mọ́ láti September 18, 2023, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ là ń sọ.

Ẹ̀yin Àǹtí, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni tó san bélì, ẹ béèrè bóyá ICE, àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, ti fi ọwọ́ sí orúkọ ẹ̀. Tí àbúrò yín kì í bá ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ICE lè ní kí jail dì í mú fún wákàtí 48 sí i lẹ́yìn tó yẹ kó jáde, kí wọ́n lè wá gbé e. Mo ti rí ìdílé tó tọ́jú owó bélì pẹ̀lú àwẹ̀ àti àdúrà, wọ́n san án láàárọ̀, ICE gbé ọmọ wọn lọ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́sàn-án, wọ́n wá ń wá a láti káúńtì dé káúńtì. Nígbà míì lọ́yà lè ní kẹ́ ẹ san, nígbà míì á ní kẹ́ ẹ dúró, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀ ló máa sọ. Bọ́ǹdù ICE náà lọ́tọ̀ ni, 1,500 dọ́là ló kéré jù, ẹni tí ìwé ẹ̀ pé ló lè san án, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún. Tí wọ́n bá gbé e lọ, A-number ẹ̀ (nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ìwọ̀lú ẹ̀) àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i lẹ máa fi wá a lórí wẹ́bsáìtì ICE.

Tí wọ́n bá ní kó gbà pé òun jẹ̀bi kó lè tètè lọ ilé, kó má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ̀sùn tó kéré lójú kóòtù lè lé èèyàn kúrò nílùú. Láti 2010 tí Supreme Court ti dá ẹjọ́ Padilla, ó di dandan kí lọ́yà tó ń gbèjà ẹ̀, títí kan èyí tí ìjọba fún un lọ́fẹ̀ẹ́, sọ fún un ohun tí gbígbà pé òun jẹ̀bi máa ṣe sí ìwé ẹ̀. Kó béèrè.

Àti fóònù yẹn, wọ́n ń gbà á sílẹ̀, gbogbo ẹ̀, àyàfi èyí tó bá bá lọ́yà ẹ̀ sọ lọ́nà tó yẹ. Àwa Yorùbá máa ń rò pé tá a bá ti yí i sí èdè wa, ó tán. Kò tán o. Wọ́n ń wá ògbufọ̀, àwọn ògbufọ̀ Yorùbá kún ìlú yìí, ẹ̀ka èdè yín gan-an lè jẹ́ tiwọn. Ẹ kí i, ẹ bi í bóyá ó jẹun, ẹ sọ pé màmá ń gbàdúrà, ẹ má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò.

OmoIjeshaChi

Ẹ tún jẹ́ n fi èyí kún un torí wọ́n lè gbé e kiri. Tí wọ́n bá gbé e lọ sí káúńtì míì tàbí ICE, owó kọ́mísárì kì í bá a lọ fúnra ẹ̀. Wọ́n máa ń fi ṣẹ́ẹ̀kì tàbí káàdì san ohun tó kù. Káàdì yẹn ni kó tètè ná tàbí kó gba owó inú ẹ̀ jáde, torí ó ń jẹ fíì tó bá jókòó. Ní October 2021, CFPB, àwọn tó ń ṣọ́ báńkì àti ilé owó, mú JPay lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń san owó àwọn tó ń jáde lẹ́wọ̀n, 4 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà fáwọn èèyàn, 2 mílíọ̀nù fún ìtanràn. Nítorí náà ẹ má kó owó oṣù mẹ́ta síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ti ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Alagbado_1

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ẹ́ḿbásì wa ò lè ṣe nǹkan kan ni? Kí ni wọ́n wá wà fún?

AkoweKootu_ATL

Wọ́n lè ṣe díẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé tí wọ́n bá mú ọmọ wọn níbí, dandan ni kí wọ́n fi tó ẹ́ḿbásì létí, bóyá ẹni náà fẹ́ tàbí kò fẹ́. Kí ẹni tó bẹ̀rù ilé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ lè pe Washington, tàbí kọ́ńsúléètì ní New York àti Atlanta, wọ́n lè wá wò ó, wọ́n lè béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Bélì, wọn ò ní san.

AdukeMokola

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ìyàwó ẹ̀ ti fi 50 sí kọ́mísárì, 25 sí fóònù, ó sì ti pè! Ó ní òtútù ń mú òun, síńgílẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ béèrè, Bọ̀dá TiMoti ẹ kú òótọ́. A ò tíì san bélì, lọ́yà máa rí i lọ́la, ó ní òun máa wo ti ICE kí ó tó sọ̀rọ̀. Màmá wá ń dà mí láàmú lórí Bíbélì, wọ́n ní Bíbélì Mímọ́ Yorùbá tiwọn gan-an ni kí n fi DHL gbé lọ fún un. Ṣé wọ́n máa gbà á?

IyaIbeji_PG

Wọn ò ní gbà á mà, ẹ má náwó DHL. Ọ̀pọ̀ jail, ìwé tuntun ni wọ́n ń gbà, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò le, tó sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ìwé tàbí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló fi ránṣẹ́ tààrà, kì í ṣe èyí tó ti ilé wá. Kí ìyàwó ẹ̀ wo òfin Fort Bend lórí wẹ́bsáìtì wọn, tí wọ́n bá gbà, kó ra Bíbélì Yorùbá ẹlẹ́yìn rírọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ pẹ̀lú booking number ẹ̀ lára àdírẹ́sì. Kó tó dé, kó béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ jail, wọ́n sábà máa ń ní ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́.